Abọ́ Tó Kọjú sí Ìlà-Oòrùn

Ẹni tó bá gun Òkè Màpó ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, tó bojú wo Ìbàdàn nísàlẹ̀, páànù tó ti dípẹtà ni yóò kọ́kọ́ rí, òrùlé lé òrùlé, tí kò sí èyí tó bá ìkejì dọ́gba. Ilé kan kọjú sí ọjà, èkejì kẹ̀yìn sí i, ẹ̀kẹta dàbí ẹni tó ń yọjú wo ilé ìdáná aládùúgbò. Bí ojú bá ti mọ́ ọn lára díẹ̀, yóò wá rí àwọn abọ́ tó wà lórí àwọn òrùlé náà: abọ́ funfun, abọ́ aláwọ̀ eérú, òmíràn tí òjò ti sọ etí rẹ̀ di pupa. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló kọjú síbì kan náà. Àtèyí tó wà lórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Bódìjà, àtèyí tí wọ́n dè mọ́ ògiri alámọ̀ ní Bẹẹrẹ, ìlà-oòrùn ni wọ́n ń wò, tí wọ́n gbé ojú sókè, bí èrò tó tò ní yídì. Nínú ìlú tí ilé kò tò rárá, àwọn abọ́ wọ̀nyí fohùn ṣọ̀kan. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ràn láti máa wò wọ́n.

Ohun tí àwọn náà ń wò kò ṣeé fi ojú lásán rí. Ó wà lókè réré, nǹkan bí 35,786 kìlómítà sí orí ilẹ̀, lókè ìlà tó pín ayé sí méjì ọgbọọgba. Ní ibi gíga yẹn, wákàtí mẹ́rìnlélógún ni sátẹ́láìtì fi ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan, iye wákàtí kan náà tí ayé fi ń yí lórí ara rẹ̀. Ó ń sáré burúkú, síbẹ̀ lójú àwa tó wà nísàlẹ̀ kò yẹsẹ̀, bí ọmọ tí ìyá pọ̀n ṣe ń bá ìyá dé ọjà láì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Arthur C. Clarke, ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Wireless World ní oṣù kẹwàá ọdún 1945 pé bí a bá gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mẹ́ta sí ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yóò lè dé gbogbo ayé. Ọdún 1945! Ogun Hitler ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni. Sputnik, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ ènìyàn gbé sókè tó ń yí ayé po, kò gòkè títí di 1957. Nígbà tó fi máa di 1964, sátẹ́láìtì Syncom 3 ti dúró sójú kan lókè, ó ń gbé àwòrán ìdíje Òlíńpíìkì láti Tokyo kọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Ọmọ ènìyàn kan jókòó sídìí tábìlì, ó ṣe ìṣirò, ojú ọ̀run sì gbà fún un. N kò mọ ìtàn mìíràn tó ń wú mi lórí tó èyí.

Sátẹ́láìtì tí àwọn abọ́ Ìbàdàn ń wò wà ní dígírì 36 ní ìhà ìlà-oòrùn. Bí ènìyàn bá dúró ní agbègbè Nakuru ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, tó gbé ojú sókè tààrà, orí rẹ̀ ló wà. Mo máa ń rò ó bí mo bá jókòó sí ìloro wa lálẹ́: abọ́ tó wà lókè orí mi yìí ń wo orí Ọ̀ṣun kọjá, ó ń wo orí Oǹdó àti Ẹdó kọjá, ó ré orí Kamẹrúùnù kọjá, ó ré igbó Kóńgò kọjá, kò sì sinmi títí ojú rẹ̀ fi dé òkè Kẹ́ńyà.

Kì í ṣe òkè ni àwòrán kọ́kọ́ gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ móhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, inú ìlú yìí sì ń dùn títí dòní pé òun ló ṣíwájú. Ṣùgbọ́n ìgbì tó ń ti orí òpó jáde kì í tẹ̀. Tààrà ló ń lọ bí ọfà, òkè a sì dínà mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń gbé kọ́lọ́fín, yanrìn ló máa ń wò. Ní ilé wa, ọ̀pá oparun gígùn ni bàbá mi so ańténà mọ́, ọmọ tó bá kéré jù ni yóò sì jáde lọ máa yí i nígbà tí ìròyìn agogo mẹ́sàn-án bá ń lọ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Alhaji kan ní àdúgbò wa gbé abọ́ ńlá wálé. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wá ní wẹ́wẹ́, wọ́n sì fi ọjọ́ méjì tò ó pọ̀. Irin oníhò wínníwínní bí ajere ni wọ́n fi ṣe é, ó dúdú, ó sì tóbi débi pé ewúrẹ́ mẹ́rin lè sùn sí ibòji rẹ̀ kí àyè sì ṣẹ́kù. Ó ní ẹ̀rọ tó ń yí i. Ní òru, nígbà tí gbogbo ilé bá ti dákẹ́, a ó gbọ́ ọ tí yóò máa kùn gììrì, gììrì, a ó sì mọ̀ pé Alhaji ń wá orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ kékeré máa ń jẹ́ kí àwa ọmọ dúró sí ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí yìnyín tó bo ìlú kan pátápátá, tí ọkọ̀ ń rìn nínú rẹ̀, tí obìnrin kan ń sọ èdè tí n kò gbọ́. N kò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láti orí irú abọ́ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ fífi abọ́ gba àwòrán sílé ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1975, iléeṣẹ́ HBO ní Amẹ́ríkà fi sátẹ́láìtì gbé ìjà Muhammad Ali àti Joe Frazier ní Manila dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń fi wáyà gbé àwòrán wọ ilé ni ìgbì náà wà fún. Ṣùgbọ́n ìgbì kì í mọ ẹni tí wọ́n rán an sí. Ní 1976, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Stanford, Taylor Howard, kan abọ́ tirẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé e kọjú sókè, àwòrán sì wọlé. Ó fi owó ránṣẹ́ sí HBO pé kí wọ́n gba ẹ̀tọ́ wọn. Wọ́n dá a padà fún un, pé àwọn kì í bá ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣòwò. Ilé iṣẹ́ ńlá kò tíì mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀yìnkùlé ni iṣẹ́ náà ń bọ̀.

Kí ló wá sọ abọ́ ńlá di kékeré? Sátẹ́láìtì àtijọ́ ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni, etí tó fẹ̀ ló sì lè gbọ́ ọ. Nígbà tí àwọn tó tẹ̀lé e pọ̀ lágbára, tí ìgbì wọn sì kúrú sí i, abọ́ tí kò ju apá ọmọdé lọ tó láti gbọ́ wọn. Síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má rò pé agbára ńlá kan ni. Wáàtì 100 sí 150 ni ẹ̀rọ kan fi ń rán ìgbì wálẹ̀ láti òkè lọ́hùn-ún. Gílóòbù méjì tó ń tàn ní pálọ̀ lè jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ gílóòbù méjì, láti ọ̀nà ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì kìlómítà! Ohun tó ń dé orí òrùlé wa kò tó nǹkan. Iṣẹ́ abọ́ ni láti kó ìwọ̀nba tó bá kàn án jọ, kí ó darí gbogbo rẹ̀ sí ojú kan ṣoṣo níwájú rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní LNB wà bí ọwọ́ ọmọ tó la àtẹ́lẹwọ́. LNB yóò fún un lókun, yóò sì sọ ọ́ di ohun tí wáyà lè gbé wọ inú dìkódà.

Ọgbọ́n kejì ni dígítà. Tẹ́lẹ̀, ìkànnì kan ṣoṣo ló máa ń gba gbogbo ọ̀nà kan lórí sátẹ́láìtì. Nígbà tí wọ́n mọ bí a ṣe ń ká àwòrán pọ̀ bí aṣọ inú àpótí, ìkànnì mẹ́jọ, mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹyọ kan. Iléeṣẹ́ Sky ti ń ta abọ́ kékeré fún àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1989. Ní 1995, MultiChoice ti Gúúsù Áfíríkà gbé DStv jáde, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ fi dígítà ṣòwò lágbàáyé, nígbà tó sì yá ó dé ọ̀dọ̀ tiwa. Mo fẹ́ kí a rántí èyí: Áfíríkà kò dúró de àlòkù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọdún 2003 ni abọ́ dé ilé wa, mo sì rántí ọmọkùnrin tó wá so ó bí ẹni pé àná ni. Àpò kan ló gbé kọ́ èjìká: sípánà méjì, wáyà dúdú tó ká bí ejò, mítà kékeré tó máa ń ké bí ìgbì bá ti kàn án. Kò mú kọ́ńpáàsì wá. Mo bi í léèrè bí yóò ṣe mọ ibi tí yóò kọ ọ́ sí. Ó nawọ́ sí mọ́ṣáláṣì tó wà ní ìgun òpópónà.

“Ẹ wo ibi tí ìmáàmù máa ń kọjú sí. Ẹ wá yà sọ́tùn-ún díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan pè yín lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni.”

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi àwòrán ayé yẹ̀ ẹ́ wò, òdodo ọ̀rọ̀ ló sọ. Láti Ìbàdàn, Mẹ́kà wà ní àárín àríwá àti ìlà-oòrùn. Sátẹ́láìtì náà sì wà ní ọ̀tún rẹ̀, ó rékọjá ìlà-oòrùn díẹ̀ sí ìhà gúúsù. Ọmọ tí kò parí ilé ìwé girama ti fi mọ́ṣáláṣì ṣe kọ́ńpáàsì, kò sì tàsé.

Ó gun orí páànù, ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ lórí ibi tí ìṣó wà, nítorí ibẹ̀ ni igi wà nísàlẹ̀. Àbúrò mi dúró ní iwájú tẹlifíṣàn, èmi dúró ní ẹnu ọ̀nà láti máa gbé ọ̀rọ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

“Ṣé ó ti wọlé?”

“Ó ti ń bọ̀! Háà, ó ti lọ, Bọ̀dá!”

“Mélòó ló kọ síbẹ̀?”

“Àádọ́ta! Ó di ọgọ́ta! Ẹ rọra! Ẹ rọra! Àádọ́rin! Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́!”

Gbogbo ẹni tó ti so abọ́ sílé ní ilẹ̀ yìí mọ ọ̀rọ̀ náà lórí. Ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ rọra ni pé bí abọ́ bá fi dígírì kan péré yẹ̀, níbi tí sátẹ́láìtì wà, ojú rẹ̀ ti ṣìnà ju 600 kìlómítà lọ. Ọmọkùnrin yẹn, lórí páànù gbígbóná, tó fi àtàǹpàkò ti abọ́ díẹ̀díẹ̀, ń fojú wá ohun kan tí kò ju ọkọ̀ bọ́ọ̀sì lọ lókè Kẹ́ńyà, ó sì rí i kí omi tí ìyá mi gbé kaná tó hó. A kì í yin irú wọn tó. A ń sanwó fún wọn, a ń gbàgbé orúkọ wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì wà lókè orí wa lójoojúmọ́.

Bọ́ọ̀lù ló kó èèyàn tó pọ̀ jù wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò lè ra dìkódà máa ń san owó kékeré ní ilé ìwòran: búláàkì láìrẹ́, bẹ́ǹṣì pákó, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, pátákó dúdú lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹgbẹ́ méjì àti aago sí. Nígbà tí iléeṣẹ́ HiTV dìde láàárín wa ní 2007, tó gba ẹ̀tọ́ ìdíje Premier League ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Nàìjíríà, mo rí ọ̀pọ̀ oní-ilé-ìwòran tó gbé abọ́ kejì sí ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́. HiTV kò pẹ́ láyé, ó sì dun ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun kan wà tí mo máa ń kíyèsí nínú ilé ìwòran wọ̀nyẹn. Lílọ àti bíbọ̀ ìgbì náà jẹ́ ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kíká àti títú àwòrán tún ń fi ìṣẹ́jú-àáyá bíi mélòó kan kún un. Nítorí náà bàbá tó gbé rédíò sétí ní ìta yóò ti hó “Góòlù!” nígbà tí agbábọ́ọ̀lù tiwa lójú tẹlifíṣàn kò tíì gbá a. Gbogbo ilé á dákẹ́, wọ́n á máa wò ó bó ṣe ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí n fẹ́ràn abọ́ yìí dé ọkàn kì í ṣe bọ́ọ̀lù.

Ìyá àgbà mi, tó bí ìyá mi, wá ń gbé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ mọ́. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún méje gbáko ni ohun tó ń ti ọ̀run bọ̀ wọ pálọ̀ wa fi ń sọ èdè tí kò jẹ́ tirẹ̀. Ìkànnì Africa Magic ti wà láti 2003, fíìmù ilẹ̀ wa sì ni wọ́n ń fi hàn, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú wọn. Yóò jókòó tì wá, yóò máa run orín, yóò sì bi wá léèrè pé kí ni wọ́n sọ. Àwa yóò sọ díẹ̀, a ó fo púpọ̀. Lẹ́yìn náà yóò dìde lọ sùn.

Ní 2010 ni Africa Magic Yorùbá dé. Àbúrò mi ló ṣèèṣì bọ́ sórí rẹ̀ nígbà tó ń yí ìkànnì. Bàbá kan ń bá ọmọ rẹ̀ wí, òwe lé òwe. Ìyá àgbà gbé orí sókè. Ó wo tẹlifíṣàn, ó wo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó fura pé a gbé àlejò pamọ́ sínú ilé.

“Àjàní, ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?”

“Tẹlifíṣàn ni, Mà.”

“Ó ti ń gbọ́ Yorùbá?”

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gba rìmóòtù lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù. Obìnrin tó ti wo eré Hubert Ogunde lójúkojú, tí kò gbàgbé orin tí wọ́n fi ń ṣí eré, tún ní òṣèré tirẹ̀. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Ó ń kìlọ̀ fún ìyálé kó tó gbé ọbẹ̀ kaná, ó ń ki ọba nígbà tí ọba bá jáde. Ní ọjọ́ kan wọ́n fi Abẹ́òkúta hàn, òkúta Olúmọ wà lẹ́yìn, ó pariwo débi pé ìyá mi sáré wọlé: abúlé àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé ọ̀nà tí àwòrán náà gbà fún un: wọ́n yà á ní Abẹ́òkúta, wọ́n gbé e dé Gúúsù Áfíríkà, wọ́n tì í gòkè láti ibẹ̀ dé òkè Kẹ́ńyà, ó wá padà bọ́ sí Ìbàdàn, ìrìn àjò tí kò ju bíi wákàtí kan ààbọ̀ lọ bí a bá wọkọ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, “Ó rìn jìnnà kó tó délé.”

N kò ní sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n ń fi hàn ló dára. Fíìmù kan náà máa ń padà wá títí ọmọdé yóò fi mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣáájú òṣèré. Àkọlé Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa ń dùn mí gan-an: àgbà yóò sọ òwe tó ní ìtàn mẹ́ta nínú, ẹni tó ń túmọ̀ yóò kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin gbígbẹ sí i. Owó oṣù náà ń ga ju apá ọ̀pọ̀ ìdílé lọ, mo sì mọ ilé tí abọ́ wà lórí rẹ̀ tí wọn kò ti rí àwòrán láti ọdún tó kọjá. Síbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́, ẹ̀gbẹ́ Ìyá àgbà níwájú ìkànnì yẹn ló ti mọ bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó yẹ ìkọ̀ọ̀kan.

Àwọn aládùúgbò wa Mùsùlùmí ní abọ́ mìíràn, èyí tí kì í gba owó oṣù, tó kọjú sí ibòmíràn. Nínú oṣù Ràmàdáánì, lẹ́yìn ìṣínu, ohùn ìmáàmù Mẹ́kà máa ń gba ojú fèrèsé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, ìrun àṣàmù tí wọ́n ń kí lọ́wọ́ lọ́hùn-ún. Ìyá wọn tó ti dágbére fún ìrètí àtilọ Mẹ́kà máa ń jókòó síwájú tẹlifíṣàn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà.

Òjò ni olórí ọ̀tá abọ́. Ìgbì kúkúrú yẹn kò ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ, ẹ̀kán òjò ńlá sì máa ń gbé e mì. Kí òjò tó dé ilé, bí òjò bá ti ṣú dúdú ní ìhà ìlà-oòrùn, àwòrán yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já sí wẹ́wẹ́. Ìyá àgbà yóò sì ní kí wọ́n lọ kó aṣọ. Oòrùn náà máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní àsìkò tí ọ̀sán àti òru dọ́gba, nínú oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án: ní òwúrọ̀, fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, oòrùn yóò rìn gba ẹ̀yìn sátẹ́láìtì gan-an, ariwo iná rẹ̀ yóò sì bo ohùn tiẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ti dúró sí àgbàlá ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti inú abọ́ kóra jọ sójú LNB gẹ́lẹ́. Ìgbà yẹn ni mo fi ojú ara mi rí ibi tó ń wò.

Nàìjíríà náà gbìyànjú láti ní tirẹ̀ lókè. NigComSat-1 gòkè láti ilẹ̀ Ṣáínà ní oṣù karùn-ún 2007, agbára iná rẹ̀ sì kú ní oṣù kọkànlá 2008. NigComSat-1R rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2011. Ní 2023, Starlink dé, àwọn àwo pẹlẹbẹ kékeré sì ti ń yọ lórí òrùlé Bódìjà. Àwọn yìí kì í wo ojú kan. Sátẹ́láìtì tiwọn wà nítòsí, nǹkan bí 550 kìlómítà péré, wọ́n ń kọjá lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, àwo náà sì ń ti orí ọ̀kan bọ́ sí orí èkejì. Lórí fóònù ni àwọn ọmọ ń wo fíìmù báyìí, olúkúlùkù ní igun tirẹ̀, pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi dí etí.

Ìyá àgbà ti lọ ní 2019. Ní oṣù tó kọjá a ń pààrọ̀ páànù, mo sì ní kí wọ́n tú abọ́ náà sílẹ̀. Káfíńtà fi sípánà yí bóòtù rẹ̀, kò gbọ́. Ó fi òòlù gbá a, kò mì. Ìpẹtà ọdún méjìlélógún ti so ó pọ̀. Ó bojú wolẹ̀ bi mí bóyá kí òun fi ayùn irin gé e.

Mo ní kó fi í sílẹ̀. Wọ́n kan páànù tuntun yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká.